Ìrù Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Orí Ọ̀rọ̀ Yorùbá

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tuntun tí ó ń gba ọ̀nà ìrù wọ inú èdè: a ó gé ìparí ọ̀rọ̀ kan tí etí ti mọ̀, a ó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn nídìí, ọ̀rọ̀ tuntun á sì jáde. Ilé àṣà yìí gan-an ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kò ní parí síbẹ̀. Ohun tí mo gbà gbọ́, tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, ni pé ìrù tí Gẹ̀ẹ́sì ń so kiri yìí máa ń bo ìṣe mọ́lẹ̀, orí tí Yorùbá ń fi kan ọ̀rọ̀ sì máa ń fi ìṣe hàn. N kò sọ èyí láti fi èdè wa yangàn. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó kan iṣẹ́ ọwọ́ wa, àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìwé ìròyìn, fún ilé-ẹ̀kọ́ àti fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ohun tí gbogbo wa rí bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Hilda Effiong Bassey, ọmọ Akwa Ibom tí ayé mọ̀ sí Hilda Baci, dúró ti iná ní Lẹ́kkí, nílùú Èkó, láti Ọjọ́bọ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Ó ń dín, ó ń sè, ó ń rò, èrò sì dúró tì í tọ̀sán-tòru. Wákàtí 100 ni ó fi ṣe é. Nígbà tí Guinness World Records yẹ iṣẹ́ náà wò tán ní oṣù Kẹfà, wọ́n yọ nǹkan bíi wákàtí méje kúrò nítorí ìsinmi tí ó lé, wọ́n sì kọ wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 sílẹ̀ fún un. Ó tayọ Lata Tondon, ọmọ Íńdíà, tí ó ti ṣe wákàtí 87 àti ìṣẹ́jú 45 ní ọdún 2019. Kí ọdún 2023 tó parí, Alan Fisher, ọmọ Ireland tí ó ń se oúnjẹ tà ní Japan, ti gba ipò náà lọ́wọ́ òun náà.

Cook-a-thon ni wọ́n pe iṣẹ́ ọ̀hún. Ìdáná parí, ìrù orúkọ rẹ̀ kò parí. Láàárín oṣù mélòó kan, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ti tan iná tirẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó ní wákàtí 120 ni òun fẹ́ ṣe. Olùkọ́ kan ní Uyo, John Obot, kàwé sókè fún wákàtí 145, wọ́n pè é ní read-a-thon. Ẹnì kan ní òun yóò máa sunkún láìdákẹ́, cry-a-thon. Ní Adó-Èkìtì, wọ́n polongo pé àwọn ènìyàn yóò fẹnu kora fún ọjọ́ mélòó kan, kiss-a-thon, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé lórí ilẹ̀ àwọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Túndé Ọ̀nàkọ̀yà, ọmọ tí ó dàgbà sí Ìkòròdú, ta chess fún wákàtí 60 ní Times Square, ní New York, kí ó lè rí owó kó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò rílé-ẹ̀kọ́ lọ. Nínú gbogbo èyí, n kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ohun tí "thon" túmọ̀ sí. Ìyá tí kò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ mọ̀ pé bí ó bá ti ní "thon" nídìí, nǹkan kan tí a ń ṣe láìsùn láìwo ni.

Ẹ wá wo ibi tí ìrù yìí ti wá. Marathon jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Gíríìkì. Orúkọ rẹ̀ bá ti ewéko olóòórùn dídùn kan mu, èyí tí àwọn Gíríìkì fi ń se ọbẹ̀. Ní ọdún 490 ṣáájú ìbí Krístì, àwọn ará Athens ṣẹ́gun ọmọ ogun Páṣíà níbẹ̀, àwọn òpìtàn ìgbẹ̀yìn sì so ó mọ́ ogun náà pé ìránṣẹ́ kan sáré láti Marathon dé Athens, ó jíṣẹ́ ìṣẹ́gun, ó ṣubú, ó kú. Nígbà tí Òlíḿpíìkì ìgbàlódé àkọ́kọ́ fẹ́ wáyé ní Athens ní ọdún 1896, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Michel Bréal, ló dábàá pé kí wọ́n fi eré sísá rántí ìtàn yìí. Spyridon Louis, ọmọ Gíríìkì, ló gba ipò kìíní. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè ṣàmì sí Bréal, nítorí pé onímọ̀ èdè ni. Òun náà ló sọ ẹ̀kọ́ nípa ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ní sémantique, orúkọ tí ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù ń lò títí di òní. Ọwọ́ ẹni tí ó sọ ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ lórúkọ ni eré Marathon ti jáde, ara eré yẹn ni wọ́n sì ti gé ìrù kan tí kò ní ìtumọ̀ kankan nílé rẹ̀.

Mo ní kò ní ìtumọ̀ nílé rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ó yé wa. Bí ẹ bá bi ará Gíríìkì pé kí ni "thon" nínú Marathon, kò ní rí nǹkan kan sọ. Kò sí oríkèé níbẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gé e. Ní ọdún 1923, Alma Cummings jó fún wákàtí 27 ní New York, ọkùnrin mẹ́fà tí ó bá a jó ni àárẹ̀ mú, ijó àjómọ́jú irú èyí sì gbilẹ̀ débi pé wọ́n ń sanwó wò ó. Marathon ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé eré sísá ni. Láti ibẹ̀ ni walkathon ti yọ, àti talkathon. Ní ọdún 1949, Milton Berle jókòó síwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán fún wákàtí 16 láti fi tọrọ owó fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, wọ́n pe èyí ní telethon. Ní ọdún 1999, àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pe ìpàdé tiwọn ní hackathon. Nígbà tí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa ní Lẹ́kkí, ìlú, ogun àti ìránṣẹ́ tí ó kú ti sọ nù pátápátá, ìrù nìkan ló kù.

Ìrù kejì, "gate", ṣe mí lọ́kàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìlú àti owó ìlú ni wọ́n fi ń so.

Lóru ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1972, Frank Wills, ọmọ ọdún 24, ọlọ́dẹ tí ó ń ṣọ́ ilé ńlá Watergate ní Washington, ń yípo ilé. Ó rí i pé wọ́n lẹ téépù mọ́ ojú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan kí ó má baà tì. Ó rò pé òṣìṣẹ́ kan ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó ya á dànù, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ó tún yípo débẹ̀, téépù mìíràn ti wà lójú kọ́kọ́rọ́ kan náà. Ó lọ sídìí tẹlifóònù, ó pe ọlọ́pàá. Ọkùnrin márùn-ún ni wọ́n mú nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic. Iṣẹ́ tí Bob Woodward àti Carl Bernstein ṣe nínú ìwé ìròyìn Washington Post, pẹ̀lú ìgbẹ́jọ́ àti ìwádìí ilé aṣòfin, tú ọ̀rọ̀ náà délé ààrẹ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1974, Richard Nixon fi ipò ààrẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Olè wọlé, wọ́n dẹ etí sí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n fi owó dí ẹnu ẹlẹ́rìí, wọ́n purọ́ fún ìlú: gbogbo ìṣe wọ̀nyí ló wọ inú orúkọ ilé kan.

Nixon kò tí ì kúrò lórí oyè tí ìwé ìròyìn apanilẹ́rìn-ín kan, National Lampoon, fi gé ìrù orúkọ ilé náà lò ní ọdún 1973. Ẹni tí ó wá tan án kálẹ̀ ni William Safire. Safire ti kọ ọ̀rọ̀ fún Nixon sọ rí, kí ó tó di akọ̀ròyìn èrò ní New York Times. Nígbà ìjọba Jimmy Carter, ó so ìrù náà mọ́ orúkọ ẹni tàbí ilẹ̀ tí ẹ̀sùn bá kàn: Lancegate, Billygate, Koreagate. Àwọn kan ti sọ ọ́ pé bí gbogbo ìjọba bá ti ní "gate" tirẹ̀, ti Nixon kò ní tóbi lójú mọ́. Yálà ohun tí Safire ní lọ́kàn nìyẹn tàbí kì í ṣe òun, ohun tí ìrù náà ṣe nìyẹn.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Ní ọdún 2015 nìkan, wọ́n so ó mọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó nínú ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, Deflategate. Wọ́n so ó mọ́ ọ̀rọ̀ Volkswagen, tí ó fi ètò kọ̀ǹpútà sínú mọ́tò bíi mílíọ̀nù 11 kí ó lè tan àwọn tí ń wọn èéfín jẹ, Dieselgate. Ọdún kan náà ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Fọ́nrán ohùn tí sójà kan, Captain Sagir Koli, gbà sílẹ̀ lórí ìbò gómìnà Èkìtì ti oṣù Kẹfà ọdún 2014 jáde síta, a pe èyí ní Ekitigate. Ẹ̀sùn jáde lórí bílíọ̀nù 2.1 owó dọ́là tí ó yẹ kí wọ́n fi ra ohun ìjà, a pe èyí ní Dasukigate. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ti ní Muldergate ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn ará Bìrìtìkó ní Partygate nígbà àrùn kòrónà, àwọn ará Kòríà Gúúsù tilẹ̀ ti fi ahọ́n ara wọn pe "gate" mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó lé ààrẹ wọn lọ ní ọdún 2017. Afẹ́fẹ́ bọ́ọ̀lù àti owó ìbọn sójà tí ó ń kojú Boko Haram, ìrù kan náà ló wà nídìí wọn. Ọmọ ọdún 20 tí ó bá ka Dasukigate lónìí yóò mọ̀ pé nǹkan kan bàjẹ́. Kò ní mọ ohun tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ṣe. Ó tilẹ̀ lè má mọ̀ pé ẹ̀sùn ni, pé ilé-ẹjọ́ ni ibi tí a ti ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Ti Ekitigate tún burú sí i, nítorí pé orúkọ gbogbo ará Èkìtì, àgbẹ̀ Ìkọ̀lé àti aláṣọ Ìkéré, ni wọ́n so ìrù mọ́.

Ẹ wá tẹ́tí sí oníròyìn Yorùbá nígbà tí ó bá ń ka ìròyìn kan náà lórí rédíò. Kò lè pe orúkọ ènìyàn kí ó fi ìrù sí i kí ó sì kọjá lọ, àwọn tí ń gbọ́ ọ kò ní gbà. Yóò sọ pé "ẹ̀sùn ìkówójẹ", tàbí "owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀", tàbí "ìwà jẹgúdújẹrá". Èdè ló fi ipá mú un kí ó sọ ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀.

Bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò le láti ṣàlàyé. Àwọn onímọ̀ gírámà wa, Ayọ̀ Bámgbóṣé, Ọládélé Awóbùlúyì àti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn, ti fi hàn wá pé iwájú ni Yorùbá ti ń fi àfòmọ́ kan ọ̀rọ̀. Awóbùlúyì ya odindi ìwé sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà ní ọdún 2008, Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ̀dá-Ọ̀rọ̀ Yorùbá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àfòmọ́ yìí, ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. A mú "kó owó jẹ", a fi "ì" ṣíwájú rẹ̀, ó di ìkówójẹ. A mú "bẹ̀ tẹ́lẹ̀", a fi "à" ṣíwájú rẹ̀, ó di àbẹ̀tẹ́lẹ̀: kí ẹjọ́ tó dé, o ti bẹ adájọ́ sílẹ̀, ìyẹn náà ló wà lójú ọ̀rọ̀ láìfi pamọ́. "Rẹ́ jẹ" di ìrẹ́jẹ. "Da ilẹ̀" di ọ̀dàlẹ̀. Bí a bá ṣí àfòmọ́ kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, odindi ìṣe ni a ó bá lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí "gate" kúrò nídìí Dasukigate, orúkọ bàbá ẹnì kan ni ẹ ó bá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín yóò ní àfòmọ́ "oní" ńkọ́, ṣebí ara ọ̀rọ̀-orúkọ ni òun ń lẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí "oní", nítorí pé nínú gbogbo orí ọ̀rọ̀ tí a ní, òun ni n kò tí ì rí ọjọ́ tí ó rẹ̀. Ìṣe wà nínú òun náà: "ní" tí ó túmọ̀ sí pé kí nǹkan jẹ́ tìrẹ. Ẹ wo iṣẹ́ tí ọmọdé ń fi í ṣe kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó gbọ́ igi, ó sọ onígi. Ó gbọ́ aṣọ, ó sọ aláṣọ. Epo, elépo. Ẹja, ẹlẹ́ja. Ọ̀pá, ọlọ́pàá. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé "n" ń di "l" bí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e kì í bá ṣe "i", pé fáwẹ̀lì iwájú sì ń bá ti ẹ̀yìn mu. Ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1983, Gabriel Igbinedion dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sílẹ̀, ó fi orúkọ ìlú rẹ̀, Okada, pè é. Okada wà ní apá ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Bí alùpùpù akérò ṣe ń pọ̀ sí i lójú títì, àwọn ènìyàn fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú náà pè é nítorí eré àsápajúdé àti bí ó ṣe ń gba ibi tí ọkọ̀ ti há kọjá. Ẹ rí i pé bí Marathon ni: ìlú, láti ìlú dé orúkọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá gbà á, wọn kò gé nǹkan kan lára rẹ̀. Wọ́n pè é ní ọ̀kadà, odindi, wọ́n sì fi "oní" kan án lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọ̀pá àti ọ̀pẹ, ó di ọlọ́kadà. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó lé e. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà ti kógbá wọlé tipẹ́, ọlọ́kadà ṣì wà ní ọ̀pọ̀ oríta, ìwé atúmọ̀-èdè Oxford sì gba okada wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 2020 pẹ̀lú danfo.

Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ó bá dé, "oní" ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó jẹ́ orúkọ Buba Marwa, olórí ìjọba ológun l'Ékòó láti 1996 sí 1999, bí onímárúwá. Oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì bí oníṣàwámà. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbowó lẹ́bàá ọ̀nà bí oníPOS. Èyí tí ó wù mí jù ni oníUber. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ tí "u" bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń sọ ulé. "Oní" kò tí ì ní òfin kankan tí yóò fi bá "u" yí padà. Kí ni àwọn ènìyàn ṣe? Wọ́n fi "oní" sílẹ̀ bí ó ṣe wà, wọ́n gbé Uber tì í, wọ́n wọkọ̀ lọ. N kò mọ ẹ̀rí mìíràn tí ó tóbi ju èyí lọ pé àfòmọ́ kan wà láàyè: kí ó pàdé ohun tí kò pàdé rí, kí ó má sì dúró ṣiyèméjì.

Ìṣèlú tún fi ìyàtọ̀ orí àti ìrù hàn. Nígbà ìbò ọdún 2023, àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fi ìrù Gẹ̀ẹ́sì so orúkọ àwọn olùdíje: Obidient, BATified, Atikulated. Ṣáájú wọn, bàbá wa àgbà ti gbọ́ Zikist àti Awoist. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ní ọjà àti ní ibùdókọ̀ wa, ọ̀nà mìíràn ni a ń gbà. Ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951 lo igi ọ̀pẹ fún àmì, a pè wọ́n ní Ọlọ́pẹ. NCNC lo àkùkọ, wọ́n di Alákùkọ. Lónìí, PDP ni Alábùradà, APC sì ni Onígbálẹ̀. Ìrù Gẹ̀ẹ́sì gbé ènìyàn sí àárín ẹgbẹ́. "Oní" gbé ohun tí wọ́n gbé lọ́wọ́ síbẹ̀, ohun tí gbogbo ìyá tí kò lè ka ìwé ìdìbò lè fi ojú rí kí ó sì tẹ̀ka sí. Mo rò pé ti wa sàn ju tiwọn lọ fún ìdìbò, n kò sì tijú láti sọ ọ́ níwájú yín.

Ǹjẹ́ a kò wá ní ìrù rárá? A ní nǹkan tí ó jọ ọ́, ibẹ̀ ni mo sì rò pé iṣẹ́ wà fún wa. Ẹ gbọ́ àwọn wọ̀nyí: àjẹkù, àmukù, àlòkù, àgékù, àfọ́kù. "Kù" ń dún nídìí gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí "thon" ṣe ń dún nídìí ti Gẹ̀ẹ́sì, bí mo bá sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹ kò gbọ́ rí síbẹ̀, yóò yé yín lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà láàyè ni "kù". Ó lè dá dúró, kí ó sọ ohun tí ó ń sọ: ó ṣẹ́ kù, ó kù díẹ̀. A kò gé e lára ìlú kankan. "Jápa" tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ, tí Oxford náà gbà wọlé ní ọdún 2025, rìn lọ́nà kan náà: ìṣe méjì tí ó so pọ̀, já, pa. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, ọ̀dọ́ kan fi "padà" kún un, ó di jápadà. Ìrù ni bí ẹ bá fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìrù tí ó ṣì ń rìn fúnra rẹ̀ ni.

Fún ìdí èyí, nígbà tí àwọn oníròyìn Yorùbá bi mí léèrè ohun tí ó yẹ kí wọ́n pe cook-a-thon, n kò jìnnà kí n tó rí i. Yorùbá ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wọ́n jó mọ́jú, wọ́n ṣàríyá mọ́jú, ọmọ náà sunkún mọ́jú. Ojú tí ó mọ́ ni òpin agbára ènìyàn lójú àwọn bàbá wa, ẹni tí ó bá ṣe nǹkan dé ibẹ̀ ti ṣe é kọjá bí a ṣe ń ṣe é. Àsèmọ́jú nìyẹn. Olùkọ́ Uyo ka àkàmọ́jú. Alma Cummings jó àjómọ́jú. Ẹni tí ó fẹ́ sunkún, ó fẹ́ sun ẹkún àsunmọ́jú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ láìwá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé ti Hilda kọjá òru kan. Eré Marathon náà kọjá kìlómítà 42 lónìí, síbẹ̀ wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìjọsìn àìsùn tí àwọn ìjọ ń ṣe, ta ni ó ní kí a máa ka wákàtí rẹ̀ kí a tó gba orúkọ rẹ̀?

Èyí mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ yín, nítorí mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun jáde. Iṣẹ́ tí ó ní baba ni. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti èyí tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, ni a fi ń kọ́ gírámà ní Yorùbá lónìí. Inú wọn ni ọ̀rọ̀-ìṣe wà, àti àfòmọ́ gan-an tí mo ti ń pè láti òwúrọ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin tí ó jáde ní 1991 ní Haúsá, Ígbò àti Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, mélòó kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bọ́ sí ẹnu oníròyìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ "ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá" ní ilé-ẹ̀kọ́ nìkan, àwọn ọmọ kan náà tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìdánwò sì ń sọ kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n bá ti jáde. Ayélujára, ẹ wò ó, ó dé ìta. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, a lè fi "oní" kàn án, a lè wí pé orí ayélujára, a lè wí pé oníṣòwò orí ayélujára. Ayára-bí-àṣá jẹ́ oríkì. Oríkì dára fún kíkí. Kò rọrùn láti fi ra batírì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà kò pọ̀. Kí ẹ tó jókòó sí gbọ̀ngàn, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ibùdókọ̀ Ọjọ́ta, sí ọjà Bódìjà, sí Kétu àti Ṣàbẹ ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Faransé ti ń ṣe sí Yorùbá ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe sí tiwa. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, oní tòun ti ohun tí a gbé kà á lórí. Nínú ìwé tí ẹ ó tẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ fi àyè kan sílẹ̀ fún ibi tí a ti gbọ́ ọ àti irú ẹni tí ó sọ ọ́: ọlọ́kadà, ìyá aláta, ọmọ kíláàsì kẹrin. Bí ọ̀rọ̀ kan bá jẹ́ ti ìgbìmọ̀ nìkan, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti ìgbìmọ̀ ni. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn padà síbi kan náà pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, kí a lè mọ èyí tí a óò fi sílẹ̀ nínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí a óò yọ.